Alùpùpù Àkọ́kọ́ Òṣìṣẹ́: Kí Ẹ Tó Rà Á, Kí Ẹ Tó Gùn Ún

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kò jẹ mọ́ owó oṣù tàbí àjẹmọ́nú ní tààrà. Ó jẹ mọ́ orí àti ẹsẹ̀ tí a fi ń wá owó oṣù náà. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, epo tí à ń rà ní nǹkan bí 190 náírà fún lítà kan di nǹkan bí 500 náírà. Owó ọkọ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ajá ṣe ń tẹ̀lé ọdẹ. Nígbà tí òfin fi máa sọ 70,000 náírà di owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní oṣù Keje ọdún 2024, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ṣe ìṣirò náà tán nínú ọkàn wọn: bọ́ọ̀sì méjì ní àárọ̀, bọ́ọ̀sì méjì ní ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ méjìlélógún nínú oṣù, bí a bá yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a fi ra alùpùpù, owó ọkọ̀ tí a kò san mọ́ yóò san gbèsè náà. Ìṣirò náà kò burú. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sí ẹni tí ó ka egungun itan mọ́ ọn.

Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyí tí òṣìṣẹ́ yóò sá tọ alùpùpù lọ. Àwọn àgbà inú wa kò lè gbàgbé Údójì. Nígbà tí owó tí ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí ní ọdún 1974 tẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, pẹ̀lú èyí tí ó ti kó jọ sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ wọn ló ra Honda, Suzuki, Yamaha tàbí Vespa, tí ilé kún fún ariwo máṣíìnì. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí à ń pè ní SAP dé ní ọdún 1986, alùpùpù kan náà sì di ohun tí òṣìṣẹ́ fi ń gbé èrò lẹ́yìn iṣẹ́ kí ọmọ lè jẹun. Orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air ni àwọn ènìyàn fi ṣe ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní ọ̀kadà. Àwọn ará Àríwá ní achaba. Ní Kútọnu àti Lómé, zémidjan ni. Orúkọ pọ̀, ṣùgbọ́n irú ojú ọgbẹ́ kan náà ni wọ́n ń dì ní àwọn ilé ìwòsàn egungun ìjọba àpapọ̀ ní Igbóbì, ní Enugu àti ní Dala ní Kánò.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ọkùnrin kan fún yín. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni, ní ilé iṣẹ́ kan ní Kàdúná. Ó ra alùpùpù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àbúrò ìyàwó rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí jíà lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ó gùn ún lọ síbi iṣẹ́, inú rẹ̀ dùn pé òun kò tò fún bọ́ọ̀sì. Ní Ọjọ́rú, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí ń bọ̀ láti iwájú yà sí òsì lójijì, ó dí i lọ́nà. Ó fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Táyà ẹ̀yìn yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, alùpùpù wó lé e, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Oṣù méjì kọjá kí àwa tó gbọ́. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ojú títì ni ó ti fara pa, kì í ṣe nínú ọgbà ilé iṣẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn. Irọ́ ni. A óò padà sórí irọ́ yìí kí a tó kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀, nítorí pé òun gan-an ni ó mú wa gbé kálàmù.

Ohun tí ó ṣe ọkùnrin yìí kò ṣàjèjì rárá. Ní ọdún 1981, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Gúúsù Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Ibi tí ìjàǹbá alùpùpù bíi 900 ti ṣẹlẹ̀ ní àgbègbè Los Angeles ni wọ́n lọ fúnra wọn, wọ́n wọn ojú ọ̀nà, wọ́n yẹ alùpùpù àti àṣíborí wò, wọ́n bi àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn léèrè. A mọ̀ pé Los Angeles kì í ṣe Kánò: kòtò wọn kò tó tiwa, màlúù kì í sì í dá ọ̀nà kọjá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n rí. Nínú ìjàǹbá tí ọkọ̀ mìíràn bá lọ́wọ́ sí, bíi méjì nínú mẹ́ta ni ó jẹ́ pé awakọ̀ ni ó gba ọ̀nà tí ó tọ́ sí ẹni tí ń gun alùpùpù, ohun tí àwọn awakọ̀ náà sì máa ń sọ ni pé àwọn kò rí i. Ìdá 92 nínú 100 àwọn tí ó ní ìjàǹbá ni kò lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan; fúnra wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ, tàbí kí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kọ́ wọn. Ó lé ní ìdajì wọn tí kò tíì lo oṣù márùn-ún lórí alùpùpù tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí ewu bá sì ti yọjú sí ìgbà tí ara bá kan irin, kì í sábà tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ìṣẹ́jú àáyá méjì! Ẹni tí ó bá ń ronú irú bíréèkì tí ó yẹ kí òun tẹ̀ nígbà náà ti pẹ́ jù. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà ni a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fún ara yín ní oṣù kan láàárín ọjọ́ tí ẹ ra alùpùpù àti ọjọ́ tí ẹ óò gbé e bọ́ sí ojú títì ńlá. Bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́, kì í ṣe eré sísá.

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín wa, a sì ti bá a pàdé ní gbogbo ìlú tí a ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, pé bíréèkì iwájú a máa sọ ènìyàn kọjá orí alùpùpù. Àwọn kan tilẹ̀ ní kí mẹkáníìkì já wáyà rẹ̀ kúrò. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti já èyí tí ó dára jù nínú bíréèkì rẹ̀ méjèèjì dànù. Bí alùpùpù bá ń dúró, ìwúwo òun àti ti ẹni tí ó gùn ún a máa rọ́ lọ sí iwájú. Táyà iwájú a tẹ mọ́ ilẹ̀ dáadáa, ti ẹ̀yìn a fúyẹ́. Táyà tí ó bá fúyẹ́ kò lè di ilẹ̀ mú, bí ẹ bá sì tẹ bíréèkì rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá yóò kàn máa yọ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe fún ọkùnrin Kàdúná wa. Ní orí títì tí ó gbẹ, bíréèkì iwájú ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdádúró. Ohun tí ó ń sọ ènìyàn nù ni kí a já a gbà lójijì tàbí kí a fà á nígbà tí iwájú bá ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fún un bí ẹni ń fún ọsàn, díẹ̀díẹ̀, kí ó máa le sí i, kí ẹ sì tẹ ti ẹ̀yìn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ lọ sí pápá tí ilẹ̀ rẹ̀ le, kí ẹ fi òkúta sàmì sí ibì kan, kí ẹ máa bá a bọ̀ pẹ̀lú eré 20 kìlómítà ní wákàtí, kí ẹ dúró. Lẹ́yìn náà 30, lẹ́yìn náà 40. Ẹ óò rí i fúnra yín pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí alùpùpù yóò ti dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì, ó ń lọ sí ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó bá ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí ń gba mítà mẹ́tàdínlógún kọjá nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan bíréèkì rárá. Lórí iyanrìn, lórí ilẹ̀ pupa tí òjò ti rọ̀ sí, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò nígbà tí omi àti ọ́ìlì inú títì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pò pọ̀, ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé ibẹ̀, nítorí kò sí bíréèkì tí ó gbọ́ràn níbẹ̀.

Ní ti irú alùpùpù tí ó yẹ kí a rà, ìka tí ó bá tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú. A rí àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń wá ẹ́ńjìnnì ńlá nítorí ariwo rẹ̀ àti nítorí àwọn tí yóò wò wọ́n. Fún ẹni tí ń lọ síbi iṣẹ́ tí ó ń bọ̀ wálé, ẹ́ńjìnnì 100cc sí 125cc tó, ó sì ṣẹ́ kù. Irú rẹ̀ fúyẹ́, kì í mu epo púpọ̀, bí ó bá sì ṣubú, ẹnì kan lè gbé e dìde. Ẹ jókòó lé e kí ẹ tó sanwó. Àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ délẹ̀délẹ̀, kì í ṣe orí ìka. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ẹ tì í lọ síwájú kí ẹ sì fà á padà. Ẹ gbé e lé ìdúró rẹ̀, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìsí olùrànlọ́wọ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí nínú ṣọ́ọ̀bù kò ní lè dì í mú nígbà tí ó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ẹrẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn tí ẹ ń gun alùpùpù lọ sí ìgbèríko, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọlọ́jà fi èyí tí ó ga ju yín lọ lé yín lọ́wọ́ pé yóò mọ́ ọn yín lára. Irú èyí tí kò ní táńkì láàárín orúnkún wà, ó sì rọrùn láti gùn.

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì àdúgbò yín pé irú èwo ni òun ń tún ṣe jù. Ìdí tí Bajaj Boxer fi gba ìgboro láti Sókótó dé Kàlàbá kì í ṣe ẹwà. Ṣéènì rẹ̀, bíréèkì rẹ̀ àti púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wà ní ọjà gbogbo, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní abúlé sì mọ inú rẹ̀ bí ẹni mọ ojú ọ̀nà oko. Alùpùpù tí ó lẹ́wà tí ẹ óò dúró fún bíréèkì rẹ̀ fún oṣù kan, ẹ óò gùn ún láìní bíréèkì nínú oṣù náà. A mọ ara wa.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù ni agbára ká, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ẹ lọ wò ó ní ìdájí, kí ẹ má sì sọ wákàtí tí ẹ óò dé fún ẹni tí ń tà á. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà. Bí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ti tàn án kí ẹ tó dé, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kì í tètè jí ní òtútù. Bí èéfín aláwọ̀ búlúù bá ń jáde lára ẹ́ńjìnnì tí kì í po ọ́ìlì mọ́ epo, ọ́ìlì ni ó ń jó nínú rẹ̀, owó ńlá ni yóò sì gbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ táńkì àti ọrùn alùpùpù náà bóyá wẹ́dà ti jó o rí. Alùpùpù tí ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́ rí kì í rìn gún régé mọ́. Ẹ gbé iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹ mi táyà náà sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń dún kò-kò, nǹkan ti jẹ nínú rẹ̀. Ẹ wo ṣọ́ọ̀kì iwájú bóyá ọ́ìlì ń jò lára rẹ̀. Kí mẹkáníìkì tí ó bá yín lọ jẹ́ tiyín, kì í ṣe ti ọlọ́jà.

Nípa ìwé rẹ̀, nọ́ńbà tí ó wà lára irin àti èyí tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Ẹni tí ó bá ra alùpùpù olè, ọgbà ọlọ́pàá ni yóò ti lo ìsinmi rẹ̀. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ onípele A ni ti alùpùpù. Èyí tí ẹ fi ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nìkan kò tó. Ẹ sì bèèrè òfin ìpínlẹ̀ yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà ní Àbújá láti ọdún 2006, ní Màídúgùrì ní 2011, ní Kánò ní 2013. Ní Èkó, òfin 2012 lé wọn kúrò ní ọ̀pọ̀ òpópónà, ti 2020 àti 2022 sì fi kún un. Òfin wọ̀nyí kò rí bákan náà: òmíràn dojú kọ àwọn tí ń gbé èrò, òmíràn ń wo ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì, òmíràn sì jẹ́ nítorí ààbò ìlú. A ní èrò tiwa lórí òfin tí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn láìfi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn ni ti ìyẹn.

Ó kan àṣíborí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí gbogbo ayé mọ̀, T. E. Lawrence, ṣubú lórí alùpùpù rẹ̀ láìdé nǹkan kan sórí. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ ni Hugh Cairns, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ikú náà kò kúrò lọ́kàn Cairns. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun tí ń fi alùpùpù jíṣẹ́, ó tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1941, ní ọdún náà gan-an sì ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sọ àṣíborí di dandan. Ọdún 1973 ni ó tó di dandan fún gbogbo ará ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹ má ṣe rò pé àwa nìkan ni a máa ń pẹ́.

Ní tiwa, ọdún 1988 ni wọ́n dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2009 ni àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin àṣíborí ṣẹ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ rántí ohun tí a fi ṣe ara wa. Àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé agolo ọ̀dà, òmíràn so awẹ́ táyà mọ́rí. Èrò ń sá fún àṣíborí ọlọ́kadà nítorí wọ́n ní oògùn wà nínú rẹ̀. Gbogbo ayé fi wá rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyà ọ̀rọ̀ náà ni pé wọ́n gbé òfin dé láìṣe ètò tí mẹ̀kúnnù yóò fi rí àṣíborí gidi rà ní iye tí apá rẹ̀ ká.

Iṣẹ́ tí igbá kò lè ṣe nìyí. Nínú àṣíborí gidi, fóòmù líle kan wà lábẹ́ ìkarahun òde. Bí orí bá kọlu ilẹ̀, fóòmù náà a rún, rírún rẹ̀ a sì gba lára agbára tí ìbá wọ inú ọpọlọ lọ. Nítorí náà ni àṣíborí tí ó ti gba ìkọlù kan rí kò fi wúlò mọ́, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Nítorí náà náà ni a kò fi gbọ́dọ̀ ra àlòkù rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ ní ọdún 2008 rí i pé àṣíborí ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Àṣíborí tí wọ́n fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ibi iṣẹ́ ilé kíkọ́ kò wà fún èyí o. Ohun tí ó bá já lulẹ̀ láti òkè ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, kì í ṣe orí tí ń já lulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àṣíborí tí a kò de okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n yóò ti fò lọ kí orí tó kan títì. Ẹ dé e, ẹ de okùn, ẹ mi orí. Bí ó bá ń yí kiri lórí, ó tóbi.

Ẹ ra funfun bí ẹ bá rí i. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Auckland ní New Zealand, tí ó jáde ní ọdún 2004, fi hàn pé ewu ìfarapa ẹni tí ó dé àṣíborí funfun fi ìdá 24 nínú 100 kéré sí ti ẹni tí ó dé dúdú, àti pé ti ẹni tí ó wọ aṣọ tí ń tan yanran fi ìdá 37 kéré. Ẹ rántí awakọ̀ tí ó ní òun kò rí yín. Ẹ tan iná iwájú lọ́sàn-án pẹ̀lú, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku bá bo ojú ọ̀run ní Àríwá. Àwọn ènìyàn yóò máa pariwo sí yín pé iná yín ń jó. Ẹ dá wọn lóhùn pé ẹ mọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni alùpùpù lè gbé sẹ́yìn, kí àṣíborí sì wà lórí ẹni náà. Kí ó gùn ún láti ọwọ́ òsì, nítorí pé apá ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà sábà máa ń wà, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó sì ní àpá rẹ̀ lójúgun. Kí a kó etí ìró àti ìborùn jọ kí táyà má baà fà á wọlé. Ọmọ kékeré lórí táńkì, a kò fẹ́ rí i mọ́ lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ kankan tí ẹgbẹ́ wa bá wà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olùkọ́ni ojú pópó kì í sọ, tí ó jẹ́ pé àwa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó yẹ kí a sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ òru wákàtí méjìlá dè mọ́ ẹ̀rọ, tí ó wá gun alùpùpù lọ sílé ní aago méje àárọ̀, kì í ṣe àìbìkítà rẹ̀ nìkan ni ó ń pa á. Oorun kò mọ̀ pé àṣíborí wà lórí. Bí a bá ń jókòó ṣe àdéhùn lórí wákàtí iṣẹ́, ojú ọ̀nà ilé wà lára ohun tí à ń sọ. Bákan náà ni ti agbanisíṣẹ́ tí ó fún òṣìṣẹ́ ní alùpùpù láti fi jẹ́ iṣẹ́ fún un: àwọn abẹ́rẹ́-àjẹsára, àwọn tí ń ka mítà, àwọn tí ń gbé ẹrù kiri fún oníbàárà. Ní Gáḿbíà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí àjọ Riders for Health ń bá ṣiṣẹ́ kì í kàn gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ń kọ́ wọn ní gígùn, wọ́n ń kọ́ wọn láti yẹ alùpùpù wò kí wọ́n tó jáde, wọ́n sì ń tún un ṣe ní àsìkò rẹ̀ kí ó tó bàjẹ́. Kò sí ìdí tí àdéhùn tiwa kò fi lè béèrè ohun kan náà. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pẹ̀lú, ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní owó alùpùpù láìjẹ́ pé owó àṣíborí méjì wà nínú rẹ̀.

Ó wá ku irọ́ tí wọ́n pa fún ìyàwó ẹlẹgbẹ́ wa. Òfin tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ lórí owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ni èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010, Employees' Compensation Act, tí àjọ NSITF ń bójú tó. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń san ìdá kan nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù tí ó ń san sínú àpò náà. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ lára owó òṣìṣẹ́ nítorí rẹ̀. Òfin náà sọ ọ́ kedere pé ìjàǹbá tí ó bá bá òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà láàárín ibi iṣẹ́ àti ibùgbé rẹ̀, tàbí ibi tí ó ti máa ń jẹun, tàbí ibi tí ó ti ń gba owó oṣù, ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú. Ojú ọ̀nà ilé wà nínú òfin. Kò dá a dúró pé alùpùpù ni tàbí bọ́ọ̀sì tàbí ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin ní ọjọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí òṣìṣẹ́ náà tàbí ẹbí rẹ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí. Kí a fi ìwé ṣe é, kí a sì mú ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Láàárín ọjọ́ méje tí ó ṣẹlẹ̀, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ròyìn rẹ̀ fún àjọ náà. Ìwé ìbéèrè owó fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kí ọdún kan tó pé. Nítorí náà, kí olúkúlùkù yín rí i dájú ní ọ̀sẹ̀ yìí pé àdírẹ́sì tí ó wà nínú fáìlì yín ní ọ́fíìsì ni ibi tí ẹ ń gbé gan-an, kì í ṣe ilé tí ẹ ti kó kúrò ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Kí ẹ sọ fún aya tàbí ọkọ yín, nítorí pé ẹni tí ó fara pa kò ní lè kọ̀wé láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ní ti ọkùnrin Kàdúná, ọjọ́ mẹ́rìnlá ti kọjá nígbà tí a gbọ́, ṣùgbọ́n ọdún kan kò tíì pé, àwọn agbanisíṣẹ́ rẹ̀ sì ti mọ̀ nípa ìjàǹbá náà láti ọjọ́ kìíní, èyí tí òfin gbà láti wò. Akọ̀wé ẹ̀ka kó àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, ti ọlọ́pàá àti ìwé ẹlẹ́rìí méjì jọ, ó sì fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́. Kí àwọn akọ̀wé ẹ̀ka yòókù gba fọ́ọ̀mù sọ́wọ́ láti ọ́fíìsì NSITF tí ó sún mọ́ wọn, kí wọ́n lẹ ẹ̀dà kan mọ́ pátákó ìkéde, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń gbé alùpùpù sí.